ẸRAN TÍ KÒ JU HÓRÓ Ẹ̀PÀ LỌ: Ẹ MÁ JẸ̀Ẹ́ KÍ Ẹ̀RÙ RẸ̀ DÁ YÍN DÚRÓ

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé sí mi lórí ọ̀rọ̀ tí a sọ níjelòó. Bí lẹ́tà yín kò bá tí ì jáde, ẹ má bínú, àyè ni kò gbà á.

Lẹ́tà kan wà nínú wọn tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló kọ ọ́ láti Òṣíẹ̀lẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ti ń wúkọ́ tipẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e dáadáa mọ́. Ó ní àwọn dókítà ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ti ya ẹ̀síréè àyà, wọ́n wá gbé ìwé wá pé kí àwọn fọwọ́ sí i kí wọ́n lè gé díẹ̀ nínú ẹran itan rẹ̀. Ó wá bi mí báyìí pé: "Ẹ̀gbọ́n akọ̀ròyìn, ṣé ẹran ara ènìyàn náà ni wọ́n tún ń gé yẹ̀ wò? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ìdí rẹ̀ ni pé ìbéèrè yìí gan-an lèmi náà béèrè lọ́dún 2021 nínú ilé wa l'Ọdẹ́dá. Ohun tí ìbéèrè mi sì kó bá ẹni tó tọ́ mi, n kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé. Nítorí náà, àbúrò mi ní Òṣíẹ̀lẹ̀, fara balẹ̀ kà á. Kì í ṣe ìwọ nìkan ni mo ń bá wí.

Àbúrò bàbá mi obìnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kékeré. Òun ló tọ́ mi láti kékeré títí mo fi jókòó ṣe Wáẹ́ẹ̀kì. Láfún ló ń ṣe tà. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa yóò mọ bí àwọn ìyá ṣe ń sá láfún sórí àpáta, tí yóò funfun báláú bí ẹni pé òjò yìnyín rọ̀. Màmá Kékeré lè jókòó sórí àpótí láti àárọ̀ kùtù kó máa bó ẹ̀gẹ́ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Bó bá sì ṣe tán, òun náà ni yóò ru agbada kúrò níbẹ̀. Obìnrin bí ọkùnrin ni.

Lọ́dún 2020, ikọ́ mú un. Ikọ́ gbẹrẹfu tí kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ púpọ̀. Ó rù díẹ̀, ó sì ń rẹ̀ ẹ́. Kó tó di ọdún kejì, nǹkan mìíràn dé. Bó bá ti jókòó sórí àpótí, kò lè dìde mọ́ àfi tó bá fi ọwọ́ méjèèjì ti itan. Kò lè gbé apá sókè di irun. Àtẹ̀gùn mẹ́ta tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa wá di òkè Olúmọ sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe pé oríkèé ń ro ó bíi ti àgbàlagbà. Agbára ló tán nínú ẹran itan àti ẹran èjìká rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ilé wa l'Áfíríkà. Ẹnì kan ní ayé ni. Ẹnì kan ní làkúrègbé ni. Ẹnì kẹta ní ó ti tẹ ohun tí kò dáa mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà oko. Ọsibítù tí a kọ́kọ́ gbé e lọ, tí n kò ní dárúkọ, wo ẹ̀síréè àyà rẹ̀, wọ́n ní ikọ́ ife ni, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní tíbíì. Wọn kò rí kòkòrò kankan nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀síréè náà jọ ọ́. Màmá Kékeré lo oògùn oṣù mẹ́fà pé láìfò ọjọ́ kan. Ikọ́ kò lọ. Ẹsẹ̀ ń burú sí i.

Ọsibítù kejì la ti pàdé dókítà kan, ọmọdé lójú ṣùgbọ́n àgbà nínú iṣẹ́. Ó ní kí Màmá Kékeré dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan. Kò lè ṣe é. Ó tún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹ̀ wò ní ẹ̀rọ GeneXpert tó máa ń wá kòkòrò ikọ́ ife láàárín wákàtí méjì. Kò sí nǹkan kan. Ó gbé ẹ̀síréè sójú iná, ó fi hàn wá pé kókó wú lápá ọ̀tún àti lápá òsì níbi tí ẹ̀dọ̀fóró ti so mọ́ àárín àyà. Ó wá sọ pé: "Màmá, àìsàn kan wà tó jọ ikọ́ ife bí ìbejì. Sarcoidosis lorúkọ rẹ̀. Oògùn tó wo ọ̀kan kì í wo èkejì. Ẹ jẹ́ ká mú ẹran díẹ̀ nínú itan yín ká fi mọ èyí tó jẹ́."

Ha! Ìpàdé ẹbí dé nìyẹn. Bàbá Àgbà tó jẹ́ olórí ẹbí wa ní, "A kì í gé ẹran lára alààyè. Ọjọ́ wo la wá di màlúù?" Ṣé kí n purọ́ fún yín ni? Èmi tí mo kàwé mẹ́wàá jáde, tí mo ń kọ sínú bébà, èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ kín Bàbá lẹ́yìn. Ìròyìn àwọn tó ń fi ẹ̀yà ara ènìyàn ṣoògùn owó ni mo ń kọ lọ́dún náà. Bí mo ti gbọ́ "ẹran itan" báyìí, ibi tí ọkàn mi lọ nìyẹn. Nígbà tí ẹnì kan tún wá sọ pé inú fọ́málìn ni wọ́n máa ń fi ẹran náà sí, ariwo ta. Ṣebí fọ́málìn ni wọ́n fi ń tọ́jú òkú?

Oṣù mẹ́jọ gbáko la fi jà sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin ènìyàn mi. A gbé e lọ síbí, a gbé e lọ sọ́hùn-ún. Agbo la rà, àdúrà la gbà. Nígbà tó yá, wọ́n ń gbé e lọ sí balùwẹ̀ ni.

Màmá Kékeré fúnra rẹ̀ ló parí ìjà. Lọ́jọ́ kan tí gbogbo wa tún péjọ, ó ní: "Ẹ̀yin lẹ ni ẹsẹ̀ ni, àbí èmi? Ẹran tó wà nílẹ̀ tí kò gbé mi dìde, kí ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí?" Kò sẹ́ni tó lè fèsì. Oṣù kejì ọdún 2022 ló fi àtàǹpàkò tẹ ìwé ọsibítù náà. Èmi ni mo sìn ín lọ, nítorí ojú ń tì mí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo fi ojú mi méjèèjì rí. Orúkọ iṣẹ́ náà ni muscle biopsy. Dókítà kọ́kọ́ wá ibi tí yóò ti mú ẹran náà. Kì í ṣe ibi tó le koko bíi ti ẹni tára rẹ̀ dá, kì í sì í ṣe ibi tó ti gbẹ tán pátápátá, torí pé bí ẹran bá ti gbẹ tán, kò ní ẹnu tí yóò fi sọ̀rọ̀ mọ́. Ibi tó rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ó tún béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti gún un ní abẹ́rẹ́ sí itan náà láìpẹ́, torí pé ojú abẹ́rẹ́ máa ń ba ẹran jẹ́, ó lè ṣi ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà. Ó béèrè oògùn tó ń lò, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Wọ́n wá gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ibẹ̀ kú kó má mọ ìrora. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ owó ẹ̀gẹ́. Wọ́n la awọ ibẹ̀ díẹ̀, wọ́n mú ẹran tí kò ju hóró ẹ̀pà lọ, wọ́n rán an, wọ́n lẹ báńdéèjì mọ́ ọn. Gbogbo rẹ̀ kò gba wákàtí kan. A wọ mọ́tò padà sí Ọdẹ́dá lọ́jọ́ náà. Ó dùn ún fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n sì tú òwú náà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Òótọ́ ni pé ojú ibẹ̀ lè ṣẹ̀jẹ̀, ó lè gba ìdọ̀tí, ó sì lè kú tipiri lára fúngbà díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó má jẹ̀ẹ́ kí omi kàn án. Ṣùgbọ́n kò sí màlúù tí wọ́n pa níbẹ̀ o.

Ibo ni ẹran náà wá lọ? Mo tẹ̀ lé e. N kò fi ojú mi sílẹ̀. Wọ́n máa ń pín in ni. Wọ́n ń sọ apá kan di yìnyín kíákíá pẹ̀lú ohun tó tutù ju yìnyín lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Apá kejì ni wọ́n ń fi sí fọ́málìn. Fọ́málìn tí à ń bẹ̀rù yìí, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe níbi méjèèjì: kò ní jẹ́ kí ẹran jẹrà kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á wá fi ẹ̀rọ bẹ́ ẹ pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó máa ń fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ fi lè là á kọjá. Wọ́n á pa á láró, aláró búlúù àti aláró pupa, wọ́n á sì gbé e sábẹ́ awò máíkírósíkóòpù.

Ọ̀gá tó ń yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ kí n yọjú. Mo rí okùn ẹran gbọọrọ gbọọrọ bí igi ọpẹ tí wọ́n tò jọ. Láàárín wọn ni mo ti rí kókó róbótó róbótó. Ọ̀gá ní àwọn ọmọ ogun ara wa ló kóra jọ bẹ́ẹ̀, wọ́n so pọ̀ di òkìtì, àwọn mìíràn sì ṣù di òmìrán. Ó ní, "Bí ikọ́ ife bá ni, àárín kókó yìí sábà máa ń jẹrà bíi wàrà tó bàjẹ́. Wo àárín èyí. Kò jẹrà." Ó tún ti pa ẹran náà láró mìíràn tó máa ń fi kòkòrò ikọ́ ife hàn, àti èyí tó ń fi olu hàn. Kò rí ìkankan. Ó ní òun kò gbọ́dọ̀ fi ojú kan ṣèdájọ́, torí pé ikọ́ ife, ẹ̀tẹ̀ àti olu, gbogbo wọn ló lè mú irú kókó bẹ́ẹ̀ wá. Ìgbà tí wọ́n bá ti lé àwọn wọ̀nyí kúrò, tí ẹ̀síréè àti ara aláìsàn sì fohùn ṣọ̀kan pẹ̀lú ẹran, ni wọ́n tó lè pè é ní sarcoidosis.

Bó ṣe rí nìyẹn fún Màmá Kékeré. Ẹran tí kò ju hóró ẹ̀pà lọ ló sọ ohun tí ọdún méjì ariwo kò lè sọ.

Kí wá ni sarcoidosis? Àìsàn tí àwọn ọmọ ogun ara máa ń kóra jọ ṣe kókó láìsí ọ̀tá tí ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń kọ lù jù: nínú aláìsàn 10, nǹkan bí 9 ni yóò kàn níbẹ̀. Ó lè mú ojú, awọ ara, kókó ọrùn, ọkàn, àti ẹran ara. Kì í ràn. Kò tí ì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fà á gan-an. Ohun tó yà mí lẹ́nu nípa ti ẹran ara ni pé ìwọ̀nba aláìsàn díẹ̀, tí kò pé 3 nínú 100, ni ẹsẹ̀ tàbí apá rẹ̀ máa ń rọ nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn dókítà mú ẹran àwọn aláìsàn yẹ̀ wò, wọ́n rí kókó náà lára ìdajì wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àní lára àwọn tí ẹsẹ̀ kò tilẹ̀ rọ. Ìyẹn ni pé ẹran máa ń mọ ọ̀rọ̀ kí olówó rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan á ní àìsàn òyìnbó ni. Irọ́ ni. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1997 ní ìlú Detroit l'Amẹ́ríkà fi hàn pé láàárín ọdún kan, nǹkan bí 35 nínú 100,000 ènìyàn dúdú ló ń ní in, nígbà tí ti òyìnbó jẹ́ nǹkan bí 11. Bernie Mac, aláwàdà ọmọ adúláwọ̀ tó kú lọ́dún 2008, bá a yí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Reggie White, òmìrán agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, òun náà ní in kó tó kú lọ́dún 2004.

Ọ̀nà kò sì jìn. Lọ́dún 1989, dókítà awọ méjì, Alabi àti George, kọ̀wé sínú ìwé àwọn dókítà awọ lágbàáyé nípa àwọn aláìsàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí sarcoidosis yọ sí ojú ilà wọn. Ilà tí a kọ fún ọmọdé, ó lè wú padà nígbà tó bá dàgbà! Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tó kọlà, bí ilà yín bá ṣàdédé wú tí ikọ́ sì wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ fi han dókítà. Awọ rọrùn láti mú ju ẹran lọ, ibi tó bá súnmọ́ tó sì rọrùn ni dókítà máa ń kọ́kọ́ mú. Ìgbà tí kò bá sí èyí tó yọ síta, tó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ àti apá ló ń rọ, ni wọ́n ń lọ sínú ẹran.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àná. Duchenne, dókítà ará Faransé, ti kọ̀wé lọ́dún 1868 nípa abẹ́rẹ́ kan tó fi ń mú ẹran lára alààyè yẹ̀ wò. Dókítà Faransé mìíràn, Besnier, ló fún irú ìyẹ̀wò báyìí ní orúkọ náà, biopsy, lọ́dún 1879. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Besnier yìí kan náà ló ṣàpèjúwe irú sarcoidosis kan tó ń mú imú àti etí. Ẹni tó sọ iṣẹ́ náà lórúkọ náà ló tún pàdé àìsàn náà. Nílẹ̀ tiwa, láti ọdún 1957 ni ọsibítù ńlá UCH ti wà n'Ìbàdàn, ojú títì kan náà tó gba Ọdẹ́dá kọjá.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ikú ti ń yọjú. Oògùn tí wọ́n fi ń bá sarcoidosis jà ni prednisolone àti àwọn ẹbí rẹ̀. Ìyẹn náà ni àwọn kan ń rà ní kẹ́míìsì kí wọ́n lè sanra. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dá àwọn ọmọ ogun ara dúró. Bó bá wá jẹ́ pé ikọ́ ife lẹ ní, tí ẹ gbé e mì láìlo oògùn ikọ́ ife, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún olè, ẹ tún so ajá mọ́lẹ̀. Kòkòrò náà yóò tàn ká ara. Lódìkejì ẹ̀wẹ̀, bó bá jẹ́ sarcoidosis lẹ ní, ẹ lè lo oògùn ikọ́ ife dọ́dún kẹwàá, ẹsẹ̀ yín kò ní dìde. Ṣé ẹ wá rí i pé kì í ṣe eré ni wọ́n fẹ́ fi ẹran náà ṣe?

Màmá Kékeré bẹ̀rẹ̀ oògùn náà lábẹ́ ojú dókítà. Wọ́n ń wo ṣúgà rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rírú rẹ̀ àti ojú rẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé dá a dúró. Ikọ́ náà lọ láàárín oṣù díẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2022, ó ń dìde lórí àpótí láìti itan. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n kò ru agbada mọ́, àtẹ̀gùn mẹ́ta náà ṣì ń fún un níṣẹ́. Mo bi dókítà léèrè ìdí. Ó wò mí, ó ní ẹran tó bá ti gbẹ tí ọ̀rá gba ipò rẹ̀, oògùn kì í sọ ọ́ di ẹran mọ́. Ó ní, "Ẹ ò bá ti tètè wá."

Oṣù mẹ́jọ. Mo mọ ẹni tó ni oṣù mẹ́jọ náà. Èmi ni.

Nítorí náà, àbúrò mi ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ohun tí mo ní kí o ṣe nìyí. Èkíní, béèrè lọ́wọ́ dókítà pé kí ni wọ́n ń wá nínú ẹran náà, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbà wo ni èsì yóò sì jáde. Ẹ̀tọ́ rẹ ni, dókítà tó mọṣẹ́ kì í bínú sí i. Èkejì, rí i dájú pé wọ́n wá ikọ́ ife dáadáa nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti nínú ẹran náà. Bó bá jẹ́ òun ni, ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba. Ẹ̀kẹta, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún ẹ̀gbọ́n rẹ ní abẹ́rẹ́ sí itan tí wọ́n fẹ́ mú. Ẹ̀kẹrin, má ṣe rà á ní prednisolone ní kẹ́míìsì. Ẹ̀karùn-ún, bí èsì bá dé pé wọn kò rí nǹkan kan, má rò pé ó ti parí. Kókó wọ̀nyí máa ń wà níbì kan, kó má sí níbòmíràn, bí èpò nínú oko. Ẹran díẹ̀ tí wọ́n mú lè bọ́ sí ibi tí kò sí. Wọ́n lè tún un bẹ́, wọ́n sì lè wá a níbòmíràn. Ẹ̀kẹfà, kí wọ́n wo ojú rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú, torí pé ibẹ̀ ni sarcoidosis ti ń ṣe ìkà jù.

Paríparí rẹ̀, kí ẹ tó pe ìpàdé ẹbí, ẹ kọ́kọ́ bi aláìsàn léèrè ohun tóun fẹ́. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Bó bá ti gbà, ẹ má jókòó lé e lórí bí àwa ti jókòó lé Màmá Kékeré. Kọ̀wé sí mi padà nígbà tí èsì bá jáde. N ó máa retí rẹ̀.

Ẹ̀yin yòókù, ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ara á le o.